Ìjọba Ń Fi Ẹnà Bá Wa Sọ̀rọ̀: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Mínísítà fún Ètò Ìròyìn àti Ìlanilọ́yẹ̀

Ọlọ́lá jù lọ,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ọ́fíìsì yín ni ohùn ìjọba àpapọ̀ ti ń jáde sí etígbọ̀ọ́ aráàlú, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ lẹ́tà yìí sí yín. Mo sì ń bẹ̀ yín kí ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn agbẹnusọ iléeṣẹ́ ológun, nítorí pé ó ní ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kàn wọ́n ju yín lọ. Ohun tí mo ń tọrọ kò gba owó rẹpẹtẹ, n kò sì ní kí ẹ dá àjọ tuntun sílẹ̀. Kódà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dá àjọ tuntun sílẹ̀, nítorí a ó tún ní láti há àgékúrú orúkọ rẹ̀ sórí.

Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé nígbàkígbà tí ìjọba tàbí ológun bá fẹ́ bá aráàlú sọ̀rọ̀, kí wọ́n yéé ju lẹ́tà mẹ́ta tàbí mẹ́rin lù wá bí ẹni ju òkò, kí wọ́n sọ odidi ọ̀rọ̀ náà, kí wọ́n sì sọ ọ́ ní èdè tí ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ gbọ́.

Kí ẹ má baà rò pé ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ ológun ló ń sọ̀rọ̀, ọmọ bárékè ni mí. Akọ̀wé ni bàbá mi nínú iṣẹ́ ológun, ó ti di sájẹ́ǹtì nígbà tí mo gbọ́njú. Nínú ilé wa, àgékúrú ọ̀rọ̀ dà bí iyọ̀ inú ọbẹ̀. Bàbá mi kì í béèrè pé báwo ni ilé ṣe wà. Bí ó bá ti ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà ni yóò ti pariwo pé "SITREP!", àbúrò mi yóò sì nà ró ṣánṣán, yóò ròyìn pé ọbẹ̀ ti wà lórí iná, pé ẹnì kan ti fọ́ àwo (kò ní dárúkọ ẹni náà, nítorí òun fúnra rẹ̀ ni), àti pé omi ẹ̀rọ kò tíì yọ. CO ni ọ̀gá tí gbogbo bárékè ń gbọ́ràn sí lẹ́nu, RSM ni ẹni tí a máa ń sá fún bí a bá gbúròó bàtà rẹ̀, QM ni ẹni tí aṣọ àti bàtà àwọn sọ́jà wà níkàáwọ́ rẹ̀. Sọ́jà tó bá kúrò lẹ́nu iṣẹ́ láìgbàṣẹ, AWOL ni. Adìyẹ ìyá mi tí kò bá wọlé sùn, AWOL ni a ń pe òun náà. Àwa ọmọdé tí a kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ pàápàá, "bloody civilian" ni a ń pe àwọn ẹgbẹ́ wa tó ń gbé ìta géètì, bí ẹni pé àwa ti gba ìbọn.

Nítorí náà, n kò bá àgékúrú ọ̀rọ̀ ṣọ̀tá. Ẹni tó wà nínú igbó, tí ọta ìbọn ń fò lórí rẹ̀, tí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ ọwọ́ rẹ̀ sì ń ha gooro, kò ní ààyè láti máa ki oríkì nǹkan. Lẹ́tà mẹ́ta tí òun àti ẹni tó wà ní òdìkejì jọ mọ ìtumọ̀ rẹ̀ lè jẹ́ ohun tí yóò gbà á là. Bákan náà ni ó rí nínú ọ́fíìsì tí àwọn akọ̀wé ti ń kọ ìwé sí ara wọn láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Àwa Yorùbá mọ nǹkan yìí dáadáa, ẹnà ni a ń pè é. Gbogbo wa la fi ẹnà ṣeré ní kékeré, tí a ń sọ "mo fẹ́ lọ" di "mogo fẹ́gẹ́ lọgọ" kí àwọn àbúrò wa má baà mọ ibi tí à ń lọ. Àwọn onílù bàtá ní ẹnà tiwọn, àwọn ọdẹ àti awo náà kò gbẹ́yìn. Kò sí ẹgbẹ́ oníṣẹ́ tí kò ní ọ̀rọ̀ àárín ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó ń pẹnà ló mọ̀ pé torí kí ará ìta má baà gbọ́ ni a ṣe ń pa á. Ta ni yóò wá máa fi ẹnà kéde fún ará ìta náà, tí yóò tún máa bínú pé kò dáhùn?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wọ̀ mí lára. Ní ọdún 1990 ni àjọ ECOWAS dá ikọ̀ ECOMOG sílẹ̀ láti lọ pẹ̀tù sí ogun Làìbéríà, Nàìjíríà ló sì kó sọ́jà jù síbẹ̀. Ní bárékè tiwa, tí n kò ní dárúkọ, ìyá àwọn ìbejì kan ń gbé yàrá kejì sí tiwa. Kọ́pùrà ni ọkọ rẹ̀, ó sì wà lára àwọn tí wọ́n kó lọ. Ìyá yìí kò lọ sí ilé ìwé tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ Yorùbá kà dáadáa, nítorí inú Bíbélì ni wọ́n ti kọ́ ọ ní ìwé. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, wọ́n lẹ ìwé kan mọ́ pátákó ìkéde tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́fíìsì. Nọ́ńbà iṣẹ́ ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀, lẹ́yìn náà ipò, lẹ́yìn náà orúkọ, lẹ́tà mẹ́ta sì wà níwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan. WIA ló wà níwájú èyí tó pọ̀ jù, ìyẹn àwọn tó fara gbọgbẹ́. Níwájú orúkọ ọkọ ìyá àwọn ìbejì, KIA ni.

Ìyá náà kà á bí Yorùbá ṣe ń kà á. Kíá.

Ó sáré padà wálé, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní orúkọ bàbá àwọn ìbejì ti jáde, wọ́n kọ "kíá" síwájú rẹ̀, àwọn yòókù kò ní kíá, òun gbà pé ọkọ òun ni yóò kọ́kọ́ dé. Ó gbé ìkòkò kaná lọ́sàn-án gangan. Ó ní kí n bá òun lọ ata, ó pe àwọn ìbejì wá láti ibi tí wọ́n ti ń ta bọ́ọ̀lù, ó wẹ̀ fún wọn, ó sì wọ aṣọ ọdún fún wọn. Ibi tó ti ń já ẹ̀fọ́ ni bàbá mi bá a. Bàbá mi kò pariwo SITREP lọ́jọ́ náà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀, ó wo ẹ̀fọ́ tó wà nínú ìgbá, ó sì fojú ṣe àmì sí mi pé kí n jáde síta. Mo jáde. Lẹ́nu àwọn ológun, ẹni tó kú sójú ogun ni KIA. Ohùn tí mo gbọ́ lẹ́yìn ìyẹn, n kò ní gbìyànjú àtikọ ọ́ sílẹ̀.

Ọlọ́lá jù lọ, a kì í fi pátákó túfọ̀ nílẹ̀ wa. Àwọn àgbà ló ń lọ sí ilé olóókú, ẹnì kan kì í sì í dá lọ. Wọn á jókòó, wọn á ní kí wọ́n fún àwọn lómi mu, wọn á wo ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ àti ẹni tó yẹ kí wọ́n dì mú. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò pàápàá, ó ní bí ó ṣe rí: ọba wàjà, àgbàlagbà papò dà, ẹni tó lọ jagun tí kò bọ̀, ó bógun lọ. A ń fi ọ̀rọ̀ bo ikú, kò sí àní-àní, ṣùgbọ́n ẹni tí a sọ ọ́ fún kò ní ṣàìmọ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀. Nínú gbogbo ọ̀nà tí a ń gbà bò ó, kò sí èyí tó lè mú kí obìnrin máa dáná de òkú.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọdún ti gorí ìyẹn. Síbẹ̀, NOK ṣì ni wọ́n ń kọ sórí fọ́ọ̀mù níbi tó yẹ kí wọ́n ti béèrè orúkọ ẹni tó sún mọ́ni jù lọ. Ọ̀rọ̀ náà sì ti kúrò ní bárékè, ó ti wọ gbogbo ibi tí aráàlú ti ń bá ìjọba pàdé. Ní ọdún tó kọjá, mo sin ẹ̀gbọ́n ìyá mi lọ sí báǹkì kan. Ẹni ọdún 78 ni wọ́n. Ọmọbìnrin tó wà lẹ́yìn gíláàsì ní, "Màmá, NIN yín ńkọ́?" Màmá ṣí póòsì wọn, wọ́n fa bébà kékeré kan yọ tí wọ́n kọ nọ́ńbà mọ́kànlá sí. Ọmọ náà ní rárá, BVN nìyẹn. Wọ́n tún fa káàdì kan yọ. Ọmọ náà ní, "Rárá, Màmá, PVC nìyí." Màmá yíjú sí mi. Wọ́n ní, "PVC kẹ̀? Ṣé èyí tí káfíńtà fi ṣe àjà ilé wa?"

Àwọn tó wà lórí ìlà rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìlà yẹn gùn, oòrùn sì mú, bẹ́ẹ̀ ni a padà sílé láìrí owó gbà. N kò dá ọmọbìnrin náà lẹ́bi, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ síwájú rẹ̀ ló ṣe ń pè é. Nọ́ńbà mọ́kànlá ni BVN tí báǹkì àpapọ̀ gbé kalẹ̀ ní 2014, nọ́ńbà mọ́kànlá náà ni NIN tí ìjọba ní kí a lọ so mọ́ síìmù fóònù wa láti òpin ọdún 2020. Méjì tó jọra báyẹn, tí wọ́n fi lẹ́tà mẹ́ta mẹ́ta pè, báwo ni ẹni tí kò kàwé yóò ṣe yà wọ́n sọ́tọ̀? Bí ẹ bá pe ọ̀kan ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, tí ẹ pe èkejì ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ ti báǹkì, tí ẹ sì pe PVC ní káàdì ìdìbò alálòpẹ́ bí àwọn oníròyìn orí rédíò ti ń pè é, ẹ̀gbọ́n ìyá mi kò ní nílò èmi láti bá wọn lọ sí báǹkì.

Ẹ ṣàkíyèsí pé kò sí ẹni tó bẹ àwọn baba wa lọ́wẹ̀ kí wọ́n tó sọ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba lórúkọ. Wọ́n rí ọ̀pá lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń mú arúfin, wọ́n pè é ní ọlọ́pàá. Ẹni tó ń ti ojúlé dé ojúlé wo ìdọ̀tí àti ìkòkò omi di wólé-wólé. Ẹni tó ń paná di panápaná. Láti ìgbà tí NYSC ti bẹ̀rẹ̀ ní 1973 sì ni ìlú ti wá orúkọ fún àwọn ọmọ náà, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ wọ́n sí àgùnbánirọ̀. Orúkọ tó bá dá lórí iṣẹ́ tí nǹkan ń ṣe kì í tètè gbó. Ẹ wo àwọn tó ń ṣètò ìdìbò: FEDECO ni wọ́n nígbà ìdìbò 1979 àti 1983, NEC ni wọ́n ní ọdún 1993 tí a kò jẹ́ gbàgbé, NECON ni wọ́n láyé Abacha, wọ́n sì di INEC ní 1998. Àgékúrú mẹ́rin láàárín ogún ọdún! Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gbọ́ "àjọ elétò ìdìbò" lẹ́ẹ̀kan péré, bí wọ́n bá fẹ́ kí wọ́n tún orúkọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ pààrọ̀ lọ́la, kò sí ohun tó kàn án. Bákan náà ni NSO tó fọ́ sí mẹ́ta ní 1986, tí a fi ní SSS, tí àwọn fúnra wọn tún ń pe ara wọn ní DSS. Lójú aráàlú, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni wọ́n ṣáá.

Ti iná mọ̀nàmọ́ná tún pani lẹ́rìn-ín. NEPA bẹ̀rẹ̀ ní 1972, ó di PHCN ní 2005, wọ́n sì pín in fún àwọn aládàáni ní 2013, tó fi di iléeṣẹ́ apínná mọ́kànlá tí wọ́n ń pè ní DisCo. Lálẹ́ àná tí iná dé ní àdúgbò mi, "Up NEPA!" ni àwọn ọmọdé fi bọ ẹnu. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí wọ́n ti bí nígbà tí NEPA kú.

Nígbà tí àgékúrú kò bá sọ ìtumọ̀ ara rẹ̀, aráàlú yóò bá a wá ọ̀kan, kò sì dájú pé èyí tí wọ́n bá wá fún un yóò dùn mọ́ ìjọba nínú. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé "Never Expect Power Always" ni wọ́n tú NEPA sí, ìyẹn ni pé kí ẹ má retí iná nígbà gbogbo. Nígbà tí ó di PHCN, kò pẹ́ rárá tí àwọn ẹlẹ́nu mímú fi ní "Problem Has Changed Name" ni, ìṣòro ló kàn pààrọ̀ orúkọ. Àwọn Mópó, tí orúkọ wọn nínú ìwé kò ju ọlọ́pàá aláàrìnká lọ, "kill and go" ni ìgboro pè wọ́n. Mo ti gbọ́ tí àwọn aláṣẹ ń ráhùn pé aráàlú ń fi ètò ìjọba ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tí ẹ kò sọ fún, ìtàn ni yóò fúnra rẹ̀ hun. Nígbà mìíràn, ẹ̀wẹ̀, aráàlú a máa gba àgékúrú mọ́ra bí ó bá dúró fún ohun tó jẹ wọ́n lọ́kàn. Nígbà tí ẹgbẹ́ NADECO tó ń jà fún ìjọba àwaarawa yọ jáde ní oṣù Karùn-ún 1994, tí àwọn tí Abacha ń lé kiri sì ń gba ọ̀nà ẹ̀bùrú inú igbó sá lọ sí Kútọnu, "NADECO route" ni ọ̀nà náà ń jẹ́ lẹ́nu ọlọ́kadà àti onífàyàwọ́ títí di òní. Ṣùgbọ́n kò sí ìjọba tó kọ́ wọn ní ìyẹn.

Ìjọba pàápàá mọ bí a ti ń ṣe é, nígbà tó bá wù ú. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kìíní 2020, àwọn gómìnà ìpínlẹ̀ mẹ́fà tó wà ní Ìwọ̀-oòrùn Gúúsù gbé ẹ̀ṣọ́ aláàbò kan kalẹ̀ ní Ìbàdàn. Nínú ìwé, Western Nigeria Security Network ni orúkọ rẹ̀, WNSN sì ni àgékúrú rẹ̀. Ẹ lọ béèrè WNSN lọ́wọ́ ọlọ́kadà ní Ìwó Road, yóò wò yín títí, yóò sì ní ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ilé ìwé kan tó wà lọ́nà Gbági. Ẹ ní Àmọ̀tẹ́kùn, kò ní jẹ́ kí ẹ parí ọ̀rọ̀ tí yóò fi dá iye owó lé e. Àwọn ológun náà mọ̀ ọ́n: nígbà tí wọ́n ń jagun ní Borno láti 2015, gbólóhùn Haúsá, Lafiya Dole, ni wọ́n fi sọ iṣẹ́ náà lórúkọ, ìyẹn ni pé dandan ni kí àlàáfíà wà, nítorí wọ́n fẹ́ kí ará ibẹ̀ gbọ́ ọ kó yé e. Bí wọ́n bá lè fi èdè àwọn ènìyàn pe ogun, kí ló dé tí wọn kò lè fi èdè àwọn ènìyàn pe fọ́ọ̀mù?

Mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí irú ọ̀rọ̀ kejì, nítorí òun ló burú jù. Àgékúrú kàn ń ti ilẹ̀kùn mọ́ni síta ni. Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí ìjọba àti ológun ń lò tí kò gé kúrú rárá, tó yọ̀ mọ́ ẹnu dáadáa, ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti yọ ẹni tó ṣe nǹkan kúrò nínú nǹkan tó ṣe. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì 1977, àwọn sọ́jà ya wọ ilé Fẹlá ní Èkó, wọ́n lu àwọn tó wà níbẹ̀, wọ́n ti ìyá rẹ̀, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì, láti ojú fèrèsé òkè, wọ́n sì dáná sun ilé. Ìyá náà kú ní oṣù Kẹrin ọdún kejì. Ìgbìmọ̀ ìwádìí jókòó, ó gbọ́ ẹjọ́, ó sì dé orí pé sọ́jà tí a kò mọ̀ ló fi iná sí i. Sọ́jà tí a kò mọ̀! Ọ̀pọ̀ sọ́jà, lọ́sàn-án gangan, lójú títì tí gbogbo Èkó ń gbà. Bàbá mi tó jẹ́ akọ̀wé máa ń sọ pé nínú iṣẹ́ àwọn, kò sí ohun tó ń jẹ́ sọ́jà tí a kò mọ̀, nítorí ìwé ni wọ́n fi ń kó sọ́jà jáde, nọ́ńbà ni wọ́n sì fi ń pín ìbọn fún un.

Láti ìgbà náà, a ti gbọ́ oríṣiríṣi. Bí ìbọn ọlọ́pàá bá pa aláìṣẹ̀ lójú ọ̀nà, "accidental discharge" ni wọn yóò pè é, ìyẹn ni pé ìbọn ṣèèṣì yìn, gbólóhùn tí ìbọn nìkan wà nínú rẹ̀, tí kò sí ẹni tó dì í mú. Bí ológun bá pa ènìyàn nínú igbó, wọ́n á ní àwọn ti "neutralise" wọn. Mo máa ń tẹ́tí sí ìròyìn Yorùbá lórí rédíò láràárọ̀, mo sì ti rí bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe máa ń há mọ́ oníròyìn lọ́fun. Èdè wa kò ní ibi tí yóò gbé e sí. Àfi kó sọ pé wọ́n pa wọ́n. Bí ó bá sì ti sọ bẹ́ẹ̀, olùgbọ́ yóò béèrè lójú ẹsẹ̀ pé ta ni wọ́n pa, mélòó ni wọ́n, kí ni wọ́n ṣe? Ìbéèrè mẹ́ta yìí gan-an ni "neutralise" ń sá fún. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá 2023, ọkọ̀ òfuurufú ológun tí kò ní awakọ̀ ju bọ́ǹbù lu àwọn ará Tudun Biri ní ìpínlẹ̀ Kàdúná níbi tí wọ́n ti ń ṣe àjọ̀dún Máólúdì. Àjọ tó ń rí sí ìṣẹ̀lẹ̀ pàjáwìrì ka òkú 85. Àwọn ológun gbà pé àṣìṣe àwọn ni, mo sì yìn wọ́n fún ìyẹn, nítorí àṣìṣe jẹ́ ọ̀rọ̀ tó ní ẹni tó ṣì í. Ṣùgbọ́n bí a bá ti mú un mọ́ra láti máa gbọ́ ọ̀rọ̀ tí kò sọ ẹni tí wọ́n pa, báwo la ó ṣe mọ ọjọ́ tí ẹni tí kò yẹ bá wà nínú wọn?

Kí ni mo wá fẹ́ kí ẹ ṣe? Ní Amẹ́ríkà, tí ológun wọn ní àgékúrú ju tiwa lọ fíìfíì, Ààrẹ Obama buwọ́ lu òfin kan ní oṣù Kẹwàá 2010 tó pa á láṣẹ fún àwọn iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ pé ìwé tí wọ́n bá ń kọ sí aráàlú gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó yé aráàlú. Òfin náà kò ní kí sọ́jà má pẹnà láàárín ara wọn. A lè ṣe irú rẹ̀ níhìn-ín, ó sì yẹ kí tiwa jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ nítorí a kì í sọ èdè kan ṣoṣo. Ìwé òfin 1999 ti fi ọwọ́ sí i: abala 55 gba Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ láàyè láti lo Haúsá, Igbo àti Yorùbá nígbà tí ètò bá ti wà fún un, abala 97 sì gba àwọn ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ láàyè láti fi èdè mìíràn kún Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tó bá tọ́ sí aṣòfin tọ́ sí ẹni tó dìbò fún un.

Ètò Ìlanilọ́yẹ̀ wà lábẹ́ yín, ó sì ní ọ́fíìsì káàkiri ìpínlẹ̀ mẹ́rìndínlógójì. Ẹ pe àwọn oníròyìn orí rédíò ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Àkúrẹ́ àti Ìlọrin jọ pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn láti ilẹ̀ Haúsá, ilẹ̀ Igbo àti àwọn èdè yòókù, nítorí àwọn ló ti ń ṣe iṣẹ́ ìtumọ̀ yìí fún ìjọba lójoojúmọ́ láìsí ẹni tó kí wọn kú iṣẹ́. Èyí tí wọ́n bá ti fohùn ṣọ̀kan lé lórí, ẹ tẹ̀ ẹ́ síta, kí gbogbo fọ́ọ̀mù ìjọba máa lò ó. Kí àgékúrú má ṣe wà lórí fọ́ọ̀mù kankan àfi bí odidi orúkọ rẹ̀ bá ti ṣáájú rẹ̀. Kí agbẹnusọ ológun máa sọ pé wọ́n pa, bí wọ́n bá pa, kí ó sì sọ ẹni tí wọ́n pa. Ní ti ìdílé sọ́jà tó bá bógun lọ, kí ó má sí bébà, kí ó má sí lẹ́tà mẹ́ta, kí ó má sí àtẹ̀jíṣẹ́ fóònù kankan tí yóò dé ọ̀dọ̀ wọn kí ènìyàn tó dé.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ìyá àwọn ìbejì, bàbá mi ra ìwé àjákọ kan, irú èyí tí a ń lò nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó ń kọ àgékúrú kọ̀ọ̀kan sí apá òsì, ó sì ń kọ ìtumọ̀ rẹ̀ ní Yorùbá sí apá ọ̀tún. Ó bẹ láńsì kọ́pùrà kan tó jẹ́ ará Kàtsínà lọ́wẹ̀ fún Haúsá, ó sì bẹ obìnrin Igbo kan tó ń ta ọjà ní máámì máákẹ́ẹ̀tì fún Igbo. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá lẹ nǹkan mọ́ pátákó, yóò lẹ tirẹ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n bá a wí nígbà kan pé kò gbàṣẹ, ó yọ ọ́, ó sì dá a padà nígbà tí ọ̀gá náà lọ fún ìsinmi. Ìwé náà wà lọ́wọ́ mi báyìí, omi òjò ti bà á jẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ìwé mọ́kànlá ṣì ṣeé kà. "SITREP: bí nǹkan ṣe rí. AWOL: ó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ láìtọrọ ààyè. NOK: ẹni tí a ó kọ́kọ́ sọ fún. MIA: a ń wá a, a kò tíì rí i." Níwájú KIA, nǹkan mẹ́ta ló kọ, ó sì fa igi lé méjì nínú wọn. Èyí tí kò fa igi lé kì í ṣe ìtumọ̀. Ohun tó kọ ni: "Ẹ má lẹ èyí mọ́ pátákó. Ẹ lọ bá wọn nílé."

Mo ti ṣe ẹ̀dà ojú ìwé mọ́kànlá náà, mo sì fi wọ́n mọ́ lẹ́tà yìí fún ìlò yín.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,

Ọmọ akọ̀wé bárékè kan